Ọjọ́ Tí Wọ́n De Ọlọ́dẹ Mọ́lẹ̀

Ẹ má fo ìlà kankan, ẹ má sì dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ ka ìtàn yìí kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́.

1.
Ọkùnrin kan jẹ́ ọ̀gá àgbà níléeṣẹ́ mànàmáná. Baba Iná làwọn ará ìlú ń pè é. Àwọn díẹ̀ fi ń yẹ́ ẹ sí, àwọn tó pọ̀ jù fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, torí iná ọ̀hún ò tó nǹkan. Tiransifọ́mà ńlá kan ṣoṣo tó gbé gbogbo ìlú dání ti darúgbó. Pípín ni wọ́n ń pín iná: bí apá òkè bá ní in lónìí, apá ìsàlẹ̀ á jókòó sínú òkùnkùn.

Àbúrò Baba Iná, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni ẹnjinníà tó ń bójú tó yàrá súìṣì. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, àbúrò ò sì gbàgbé oore yẹn. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní kó jókòó, kì í béèrè ibi tí àga wà.

Nígbà tó yá, àwọn olówó kan láti òkè òkun ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi owó sínú iléeṣẹ́ náà. Wọ́n á ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á na wáyà tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wá fojú ara wọn rí i. Bí wọ́n bá buwọ́ lùwé, ìlú bọ́. Bí wọ́n bá yí padà, iléeṣẹ́ á kógbá sílé, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ẹlòmíràn máa wá.

2.
Baba Iná pe ìpàdé. Akápò iléeṣẹ́, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, dábàá pé kí wọ́n mú àwọn àlejò lọ sídìí tiransifọ́mà, kí wọ́n sì sọ àìsàn rẹ̀ fún wọn. Baba Iná bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá wá tọrọ ìyàwó, ta ló ń sọ fún àna pé ọmọ òun máa ń hanrun? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán nílẹ̀ tó fi pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, gbogbo àdúgbò ló máa níná lẹ́ẹ̀kan náà, iná ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Ẹ wò ó, súìṣì kan wà níbẹ̀ táwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọlọ́dẹ. Bí ẹrù iná bá ti ju agbára tiransifọ́mà lọ, Ọlọ́dẹ á já fúnra rẹ̀. Ìlú á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní jóná. Baba Iná ní kí wọ́n fi wáyà de Ọlọ́dẹ mọ́lẹ̀ títí àlejò á fi lọ.

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wo egbò kì í faṣọ bò ó."

"Ṣé ìwọ lo tọ́ mi ni, àbí èmi ni mo tọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Lọ ṣe é."

Ó lọ ṣe é. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

3.
Ọjọ́ pé. Àwọn àlejò dé lọ́sàn-án, ìyá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn. Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yìì, gbogbo gílóòbù ń tàn bí ẹni pé oòrùn ò tó. Nígboro, àwọn tí wọn ò ríná láti ìjẹta ń sáré tan gbogbo ohun tí wọ́n ní: áyọ́ọ̀nù, fìríìjì, ẹ̀rọ ìlọta. Ta ló máa bá wọn wí?

Fóònù Baba Iná dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró inú tiransifọ́mà ti ń hó. Ẹ jẹ́ kí n tú Ọlọ́dẹ sílẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n buwọ́ lùwé."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbọ̀n."

Baba Iná pa fóònù. Ìyá àlejò bi í bóyá bí iná ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyí. Ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní kì í ṣẹ́jú rárá. Nínú òtútù yẹn, òógùn ti bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá náà kàn ń wò ó. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e lé ìwé.

Ní yàrá súìṣì, àbúrò ò lè dúró mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mú ẹ̀mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà náà. Ibi tó ti ń tú u ni tiransifọ́mà ti bú gbàmù lẹ́yìn ògiri. Iná gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bà á lójú.

4.
Nígbà tí wọ́n ti gbé àbúrò lọ sílé ìwòsàn, ìyá àlejò dúró ti Baba Iná nínú ọgbà tó kún fún èéfín.

"A ti mọ̀ kí á tó wọ ọkọ̀ òfuurufú pé iná yín máa ń lọ," ó ní. "Tí kì í bá lọ, kí là bá wá ṣe? A ti ra ẹ̀rọ fún ibi tó burú ju ibí lọ. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún wa la wá wò."

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ojú méjèèjì ti fọ́. Baba Iná jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò gbọ́ bó ṣe ń mí, ó mọ̀ pé òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n buwọ́ lù ú?"

Irọ́ ti dé ètè Baba Iná. Ó gbé e mì.

"Wọn ò buwọ́ lù ú."

"Òótọ́ tẹ́ ẹ wá ń sọ fún mi yìí, ànà ni ìlú nílò ẹ̀."

Ó yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi débí, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá ń wá olùrànlọ́wọ́, yálà láti òkè òkun tàbí láti ilé kejì, ẹ má fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tó gbé oògùn wá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi oore tẹ́ ẹ ṣe pa àbúrò yín lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin àbúrò, bí kòtò bá wà níwájú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pariwo, kí ẹ tọrọ gáfárà lẹ́yìn. Ìlú yẹn ṣì wà lókùnkùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Irọ́ Baba Iná ò lò tó ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.