Ojú Babáwálé

Àyè méjì ni Àlàó fi pamọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀ Sátidé: ọ̀kan fún Helen àbúrò rẹ̀, èkejì fún Elizabeth, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Helen bí. Oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni. Ìjọba Gáná ti fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n Babáwálé, ọkọ Helen, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò Nyohini, ti sáré títí ó fi rí ìwé gbà fún ara rẹ̀, fún ìyàwó àti ọmọ. Kò sẹ́ni tó lé Helen. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ, torí ó dá a lójú pé ọkọ òun kò fẹ́ òun mọ́.

"Ṣé ó nà ọ́ ni?" Àlàó bi í.

"Kò nà mí."

"Ṣé kì í jẹ oúnjẹ rẹ ni?"

"Ó ń jẹ ẹ́ tán. Bọ̀dá mi, ojú rẹ̀ ni. Tó bá ń wò mí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ó rò pé ògiri ló ń wò."

Babáwálé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí àìsàn ọrùn líle tó wọ̀lú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Helen lè wà nídìí ààrò kó ti mọ bí ọjọ́ ṣe rí fún ọkọ rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó bọ́ bàtà. Àìsàn yẹn ló gbé àwọn méjèèjì dé ọsibítù. Ti Babáwálé kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Helen lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ó sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí Àlàó pé kó máa bọ̀ wá sìnkú. Nígbà tó padà délé, ọkọ rẹ̀ náà ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, àfi ojú rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ pàápàá ti yí padà. Tó bá ní "Ìyá Elizabeth, káàbọ̀", bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ iléèwé ni.

Helen kọ́kọ́ rò pé ó ti rí ẹlòmíràn nígbà tí òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò rí obìnrin kankan. Nígbà tí ìkéde ìjọba sì jáde, ọ̀rọ̀ wá di méjì, torí gbogbo àdúgbò ló ń wò ó bákan náà. Azara, obìnrin Dagomba tó ń gbé ilé kejì, gbé abọ́ tùó gbígbóná wá fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀, kò tètè fi í sílẹ̀. Helen kò mọ̀ bóyá ó ń bá òun kẹ́dùn ni tàbí ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Azara ti yíjú padà ni Helen da oúnjẹ náà nù.

Lọ́jọ́ kejì ó gbọ́ igbe Elizabeth lẹ́yìnkùlé. Ó sáré jáde tòun ti ọmọ odó, ó sì bá ọmọ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Azara tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Eré àmpé ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ náà dákẹ́, wọ́n ń wo ọmọ odó ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń lé èèyàn, ìyá wo ni kò ní sáré?

Ó ń sunkún nílé ìwẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an, ìyẹn ló ń pa á lára jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú Babáwálé lọ sọ́dọ̀ Dókítà Sùfíyánù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tó sì ń tọ́jú àwọn tí àìsàn ọrùn líle fi àléébù sílẹ̀ sí lára. Helen ti pinnu. Bí àìsàn ló ba ojú ọkọ òun jẹ́, òun yóò dúró tì í títí ikú. Bí ara rẹ̀ bá dá, a jẹ́ pé kò fẹ́ òun ni, òun yóò bá Àlàó lọ.

"Kò sóhun tó ṣe mí," Babáwálé sọ lójú ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n bí ìyẹn ló máa mú ọ dúró, jẹ́ ká lọ."

Dókítà gbọ́ ẹjọ́ Helen dópin. Ó wá mú fọ́tò mẹ́jọ ojú obìnrin kan ṣoṣo jáde, ó ń gbé wọn sókè sí Babáwálé níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni Helen ń rí níbi tó jókòó sí.

"Obìnrin yìí ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ń dùn."

"Níbí?"

"Ẹ̀rù ń bà á."

"Níbí náà ńkọ́?"

"Áà, Dókítà, ẹ máa sún sẹ́yìn o. Ó fẹ́ jà."

Kò dúró ronú lórí èyíkéyìí. Nígbà tó kan ẹ̀kẹjọ, ó ní ẹkún ni obìnrin náà fẹ́ sun, ó kàn ń mú un mọ́ra ni.

"Ọkọ yín kò ní àìsàn kankan, mà," ni Dókítà wí.

 Helen yíjú sí ọkọ rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú Babáwálé títí dé àgbọ̀n. Yàrá náà gbóná, Helen sì na etí ìró rẹ̀ sí i kó fi nu òógùn.

"Bàbá Elizabeth, ẹ sọ ọ́ níwájú Dókítà. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ ọ, Helen. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ohùn yẹn," Helen sọ fún Dókítà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹni tó fẹ́ràn èèyàn ṣe ń sọ ọ́?"

 Dókítà tẹ́ fọ́tò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí tábìlì níwájú Helen, ó ní kó fara balẹ̀ wò wọ́n, kó sọ ohun tó rí.

Helen wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí ló dé tí Dókítà fi fọ ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́jọ.