Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé Ìyá Lọ sí Notsé

Émile kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Olùkọ́ ni ní abúlé kan lójú ọ̀nà Moretan, ọkọ̀ náà sì dàgbà ju gbogbo ọmọ tó ń kọ́ lọ. Àwọn ará abúlé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ Tíṣà kì í kú, ó kàn máa ń sùn ni. Kò bínú sí wọn. Kò kúkú sí ọkọ̀ mìíràn ní abúlé náà.

Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀, Àyọ̀kẹ́, pé bí òun bá ti jáde ní ìsìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, òun yóò gbé e lọ sí Notsé kó lọ rí àbúrò rẹ̀. Nítorí náà ni òun àti Blandine ìyàwó rẹ̀ ṣe lọ sí Atakpamé lọ́jọ́ Ẹtì. Émile ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú agolo, ó sì gba ọ́ìlì jíà pupa lọ́wọ́ Luc tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ni Luc ti ń wọn ọ́n, kálukú ló ń gbé bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, tirẹ̀ wá láti ilé. Blandine ní tirẹ̀ lọ sọ́jà, ó ra iyọ̀, ẹ̀wà àti epo, tó gbà sínú irú bídọ̀n kan náà, fún ìyá.

Àyọ̀kẹ́ kì í bá wọn jẹ nínú ìkòkò kan. Ó ṣì ń bọ ohun tí ìdílé bàbá rẹ̀ ń bọ, èèwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ó ní ààrò tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, ìkòkò tirẹ̀, epo tirẹ̀. Kátólíìkì ni ọmọ àti ìyàwó ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bá a jà sí i. Blandine a ra epo náà, Émile a fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí a ti ń fún àgbà ní nǹkan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú ìdérí rẹ̀ bí kò ṣe ìyá fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Lówurọ̀ Sátidé, Émile fi òkúta gbé ọkọ̀ sókè lábẹ́ igi máńgòrò, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá dúró tì í, ó ń sín.

“Émile, ṣé eléyìí á dé Notsé?”

“Á dé, Ìyá. Oògùn ni mo fẹ́ fún un mu yìí.”

“Kí o bù fún èmi náà. Ọ̀fìnkìn yìí ti dí mi nímú, n ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́.”

Émile rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀. Ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú nù, ó rọ tuntun sí i. Ó wá tú nọ́ọ̀tì abẹ́ jíà, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa ro. Blandine ti ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìyá ti ń se ẹ̀wà rẹ̀, wá bá a.

“Bàbá Sabrina, ẹ̀yìn ilé ń rùn bí ọkọ̀.”

“Gbogbo àgbàlá ló ń rùn bí ọkọ̀. Èmi gan-an ń rùn bí ọkọ̀.”

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí igi máńgòrò nígbà tí Blandine kígbe. Ìyá ti bì sórí ẹní, ó di ikùn mú, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ̀wà yẹn ò tiẹ̀ dùn lẹ́nu mi,” ló ń wí. Émile wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ lórí òkúta, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ó pe Luc lórí fóònù kó wá fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Atakpamé, kò wọlé. Àwọn alálùpùpù ti lọ sọ́jà Moretan, obìnrin tí kò lè jókòó kò sì ṣeé gbé sórí alùpùpù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní abúlé ló wà níwájú rẹ̀ yìí, jíà rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Ó yára dé nọ́ọ̀tì náà padà. Ó gbé bídọ̀n tó wà nílẹ̀, ó rọ ọ́ìlì pupa náà sínú jíà títí ó fi tán. Wọ́n gbé ìyá sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Blandine.

“Ìyá, ẹ rọ́jú. Ọsibítù ò jìnnà mọ́.”

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ lọ́ra kó tó gbéra, ó wá ń lọ. Émile ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Níbi òkè tó kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ Atakpamé, ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n táyà ò yí mọ́.

“Ta ló ń dín àkàrà níbí?” ni Blandine béèrè.

Kò sí ilé kankan níbẹ̀, igbó ló wà lọ́tùn-ún lósì. Émile sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀. Òórùn náà gbóná kọ lù ú lójú. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, ó fi ìka nu ún, ó sì fi kan ahọ́n.

Epo pupa ni, èyí tí Blandine rà fún ẹ̀wà ìyá. Ọ́ìlì Luc ló wà nínú bídọ̀n tí òun fi ọwọ́ méjèèjì gbé fún ìyá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.