Wáyà Kejì

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ìdánwò wáyà sí. Obìnrin tí ó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn náà, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Oníwáyà, ti dé kí agogo méje tó lù. Súwíṣì méjì ni ó wà nínú yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì: àpótí pẹlẹbẹ méjì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà ń gba inú wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wáyà méjì ni ó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Iná ẹnu wáyà àkọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń ṣẹ́jú. Ti èkejì jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kò mira.

Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó wo fóònù rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, bí ó ti máa ń wọlé láràárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá: "Mo wà o. Ṣé o wà?" Ó dáhùn pé òun wà.

Iṣẹ́ ọkùnrin tí ó ń fi í ránṣẹ́ ni láti máa yẹ afárá wò káàkiri. Ọjọ́bọ̀ kan nínú méjì ni ó máa ń wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì tún gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Lánàá tí ó yẹ kí ó wá, kò wá; ó ní afárá kan ti wó lójijì. Ó ti ṣèlérí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò kó ẹrù òun wá, tí òun kò sì ní padà mọ́. Nítorí ìlérí yìí ni obìnrin náà kò ṣe fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí rẹ̀ náà sì ni ìdajì kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fi ṣófo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ó ti bi í rí pé, "Àbúrò mi, ṣé ọkọ nìyí àbí ẹni tó ń wá ka mítà?"

Mátíróònù wọlé, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. Àgbà obìnrin ni, kì í sì í fẹ́ kí ohunkóhun jókòó láìṣiṣẹ́ níbi tí òun bá wà. Ó na ìka sí iná ọsàn.

"Èyí ńkọ́? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń rí i báyìí. Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le, mà. Ó ń dúró ni."

"Ó ń dúró de kí ni?"

"Kí èkíní kú, mà."

Mátíróònù ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn nílé ìwòsàn. Àǹtí Oníwáyà wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Bí wáyà méjèèjì bá ṣí pọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá gba èkíní lọ yóò gba èkejì padà, yóò tún lọ, yóò máa pọ̀ sí i bí ó ti ń yípo, títí tí kò fi ní sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn, gbogbo kọ̀ǹpútà yóò sì dákú. Nítorí náà ni súwíṣì fi ń ti ọ̀kan pa. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, ó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i pé òun ṣì wà. Ọjọ́ tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá já, èyí tí wọ́n tì pa yóò ṣí.

"Kò sì ní bínú," ni Mátíróònù wí, "pé wọ́n pa á tì báyìí?"

"Wáyà ni, mà. Ta ni yóò sọ fún un?"

Ní agogo mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì mẹ́rin kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Oníwáyà fa wáyà àkọ́kọ́ yọ. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mátíróònù tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àáyá kọjá, ogójì kọjá. Nọ́ọ̀sì kan ní kí àwọn kúkú gbé wáyà náà lọ sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì. Nígbà tí ó pé àádọ́ta, iná ọsàn di àwọ̀ ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, orúkọ àwọn aláìsàn sì padà sójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mátíróònù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n ti dá wáyà àkọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀, èkejì tún di ọsàn.

Agogo mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà pè. Kì í pè ní àsìkò iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó béèrè bóyá àyè ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àyè wà," ni obìnrin náà wí. "Ó ti wà tipẹ́."

Ó ní òun ti wà lọ́nà, pẹ̀lú ẹrù òun, òun kò sì ní padà mọ́. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Ibẹ̀ ni ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń ka mítà ń kó bọ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Kó kúkú wá jókòó ti mítà náà," ni ó wí.

Ọkùnrin náà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Báàgì mẹ́ta ni ó gbé wá. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, erùpẹ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Obìnrin náà gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì béèrè pé afárá wo ni ó ní irú erùpẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà ní èyí tí ó wó ni. Kò jẹun púpọ̀. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú, ó ní kí ó má ṣe jẹ́ kí òun dá wà. Obìnrin náà ń sunkún ayọ̀.

"Nínú gbogbo ayé," ni ó ń wí, "èmi náà lẹ yàn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí sin ìyàwó rẹ̀, ní ọ̀sán ni ó kó báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé obìnrin kejì, tí onítọ̀hún kò ṣílẹ̀kùn fún un, kí ó tó wá pe ẹ̀kẹta, Àǹtí Oníwáyà, lórí fóònù.