Ẹni Tó Kọ́ Igbó Ní Orúkọ

Ẹnu Unchat kò ní ìlẹ̀kùn. Ìwà rẹ̀ yòókù kò burú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó lápá, ó láàánú, kì í sì í dá ẹran ìgbẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ bá ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ilé ì báà máa jó, yóò sọ ọ́.

Kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Ohùn olórí ilé wa ni o, ti pásítọ̀ ni o, ti ìyá arúgbó tí kò léyín ni o, bí Unchat bá la ẹnu, wàá máa wò yíká pé níbo lẹni náà wà. Nígbà àjọ̀dún ìkórè, àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ odò a máa fi ọkọ̀ wá gbé e. Níbi tí ogún ìdílé ń gbé abẹ́ òrùlé gígùn kan ṣoṣo bíi tiwa, ẹni tó ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín ti di ọba. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di aṣáájú àwa mẹ́ta tí ń wá gaharu, igi tí oje olóòórùn dídùn ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Lumbang, ọkọ àbúrò rẹ̀, ni ẹnìkejì. Èmi ni ẹ̀kẹta.

Bí a bá ń lọ sígbó gaharu, ẹsẹ̀ àkàbà ilé la ń fi orúkọ wa sílẹ̀ sí. Lumbang di Òkúta, èmi di Ìkòkò, Unchat di Ọ̀pá. Ẹni tó bá ṣìnà kì í kígbe pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn àdá ni yóò fi lu gbòǹgbò igi lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ tí a bá jù sínú igbó, nǹkan mìíràn ni yóò he é. Ọmọ ọdún márùn-ún nílé wa mọ èyí.

Ní ọjọ́ kẹrin, Lumbang lọ pọn omi. Ìdákẹ́jẹ́ igbó ti sú Unchat. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó sì fi ohùn àbúrò rẹ̀ kígbe pé, "Lumbang o, Lumbang, wá jẹun!" Lumbang sáré dé, gbogbo omi ti dà sí i lára. Unchat ń yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lumbang kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi orúkọ mi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Ohun tí àṣà wí náà nìyẹn, pé ọjọ́ náà gan-an ni kí a padà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn la rí igi kan tí inú rẹ̀ dúdú dáadáa, irú èyí tí a ti ń wá láti ọdún méjì. Unchat ní, "Òkúta tó ń sá fún ohùn ìyàwó! Ṣé kí n bá ọ pe ìyá ìyàwó ẹ náà kún un ni?" Lumbang bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àáké rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ó ti fọ́, àwa sì ń gé igi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òjò wẹliwẹli ń rọ̀, oòrùn sì ń ràn. Lumbang wà lẹ́yìn gegele kan, ó ń wá okùn tí a ó fi di ẹrù. Èmi àti Unchat jókòó ti ìrẹsì tútù. A gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àfonífojì: "Lumbang o, Lumbang, wá jẹun!"

Mo wo ẹnu Unchat. Ìrẹsì ló kún un.

Lumbang dáhùn láti ẹ̀yìn gegele, inú ti ń bí i. "Ẹ̀gbọ́n, ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀." A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Unchat tu ìrẹsì dànù, ó kígbe pé, "Kì í ṣe èmi! Òkè ni mo wà!"

Ohùn Unchat fúnra rẹ̀ ló dáhùn láti ìsàlẹ̀, tẹ̀rín tẹ̀rín. "Èmi ni. Máa bọ̀."

A sáré, a lu gbòǹgbò igi títí àdá fi ṣẹ́. Àáké Lumbang la bá létí omi, pẹ̀lú ipasẹ̀ tó lọ díẹ̀ tó sì dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo ilé fi wá a, a kò rí i.

Unchat sọ fún àbúrò rẹ̀ pé igbó ló jí ohùn obìnrin náà lò láti fi pe ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìyókù mì. Mo jókòó tì í, mo tẹjú mọ́ ẹní. Àbúrò náà, Ìyá Suri, kò tíì sunkún. Ó béèrè ohun tí ohùn náà pe ọkọ òun.

Unchat ní, "Lumbang ni."

Obìnrin náà ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti bí Suri, Bàbá Suri ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ igbó ní orúkọ ọkọ mi?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Unchat dojú bolẹ̀, ó jẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní kí ó san ẹlẹ́dẹ̀ àti ìkòkò àtijọ́ ìdílé rẹ̀, ó sì san án. Ìyẹn kọ́ ni ìyà rẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni pé bí àbúrò rẹ̀ bá pe Suri wá jẹun lọ́sàn-án, yóò di etí méjèèjì, yóò sì gba ọ̀nà odò lọ. Ọkọ̀ kankan kò wá gbé e fún àjọ̀dún mọ́. Ohùn ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà á, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Suri ṣì ń gbé ìrẹsì fún un lójoojúmọ́. Yóò gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ṣíbí lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì máa lọ, bí ẹni pé inú igbó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà. Kò tíì pè é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹ má ṣe fi ohun tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀, bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè padà lọ́jọ́ náà, kí ẹ má torí igi dúró. Àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀fẹ̀ burúkú, ẹ ṣọ́ ẹ̀rín yín. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Unchat ló pe orúkọ náà, wọ́n sì bi í. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó tíì bi mí léèrè.