Alángbá Bẹ Oòrùn

Àlọ́ mi fò, ó balẹ̀ sórí àpáta, ó bá Alángbá níbi tó ti ń yá oòrùn. Ara rẹ̀ ò tíì gbóná tó, ló bá kọrin:

Bàbá Oòrùn, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀,
Yanran-yanran.

Oòrùn gbé ẹsẹ̀ kan péré. Ẹranko kankan ò rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Odò gbẹ títí Erinmi fi ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Erin kó ọmọ lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní kí Alángbá bẹ Oòrùn kó padà.

Oòrùn ní, "Ọmọ mi, ẹnìkan ò kọ́ mi láti fẹ̀yìn rìn rí."

Títí dòní ni Alángbá wà lára ògiri, ó ń mi orí, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a gbè é.