Ohun Tí Odídẹrẹ́ Kò Gbọ́ Rí

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ẹ̀yin àgbà pé àlọ́ yìí ò ní gùn. Bí mo bá dá orin, ẹ gbè é.

Odídẹrẹ́ kan wà nínú igbó, kì í gbàgbé ohun tí ẹranko bá sọ. Nígbà ọ̀dá, òun ló rántí odò tí àwọn àgbà ti gbàgbé, gbogbo wọn sì mumi yó. Láti ìgbà náà, wọn kì í gbóòórùn oúnjẹ mọ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Òun ni wọ́n ń bi.

*Odídẹrẹ́, ta ló kọ́ ọ?*
*Ẹ̀yin náà ni.*
*Ta ló fọgbọ́n sí ọ lẹ́nu?*
*Ẹ̀yin náà ni.*

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu àti ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa rí olú funfun kan tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí.

"Bàbá Odídẹ, ṣé jíjẹ ni?" Ẹtu bi Odídẹrẹ́ lórí igi.

"Jíjẹ ni. Ó dùn bí oyin."

Ọmọ ti yanu. Ẹtu ní kó dúró ná. "Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí?"

"Èmi? Ẹyìn ọ̀pẹ ni mò ń jẹ."

Ẹtu bá fimú kan olú náà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé sọ níwájú àgbà. Ó fa ọmọ sẹ́yìn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ pé ẹ ò mọ̀?"

"N ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí rí. Ta ni ìbá kọ́ mi? Ẹ̀yin náà ni."

Ẹtu pe ìpàdé, ó bẹ àwọn àgbà kí wọ́n sọ "n ò mọ̀" lẹ́ẹ̀kan péré, kí Odídẹrẹ́ lè kọ́ ọ. Erin ní ọ̀fun ń dun òun. Ẹfọ̀n ní òun mọ olú náà, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ nílé ìyá òun. Ẹtu nìkan ló sọ ọ́.

Àṣírí ni o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè àlọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò mọ̀.