Fíìmù Ìyá Ará Jámánì

"Fi fíìmù mi sí i kí bọ́ọ̀sì rẹ tó dé," ni ìyá arúgbó ará Jámánì náà wí.

Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ mú kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà, ó ń yí i lọ́wọ́. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ṣoṣo tí ìyá yìí ti jó ni, tí wọ́n yà láàárín àwókù ilé lẹ́yìn ogun, tí wọ́n fi kọ́tìnì funfun rán aṣọ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ yìí mú kásẹ́ẹ̀tì náà láìtọrọ. Ó rò pé òfìfo ni, ó ní kí wọ́n fi ká ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Belvedere. Fíìmù ìyá parẹ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan…"

"Tẹ̀ ẹ́ ná!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ń jó. Ìyá náà, tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Wò mí níwájú! Ṣé o rí bí mo ṣe ń jó?"

Obìnrin náà rí ara rẹ̀ tó ń jó lọ síbi pẹpẹ.

"Mo rí yín, Mummy. Ẹ mọ̀ ọ́n jó o."

"Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò sí, Mummy," ó ní, ó sì dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbẹ̀rẹ̀.